Àjàgà Kan, Ilé Méjì

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Daisala ni ìyàwó rẹ̀, Maidai, ti kórìíra Kaosiri àbúrò ọkọ rẹ̀, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí Kaosiri bá ń bọ̀ lápá ọ̀tún, Maidai á gba apá òsì. Bí ó bá kí i, á dáhùn bí ẹni ń tu egungun ẹja sílẹ̀ lẹ́nu. Àwọn ará abúlé ní kò dáa kí obìnrin máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkùnrin tó yẹ kó ṣú u lópó. Lọ́dọ̀ àwa ẹ̀yà Tupuri, bí ẹ̀gbọ́n bá kú, àbúrò ló ń gba ilé rẹ̀: ìyàwó, ọmọ, ẹran, gbogbo rẹ̀ á kó wọ ilé tuntun lọ́jọ́ kan náà. Kaosiri tilẹ̀ ti fi amọ̀ tuntun rẹ́ yàrá kan sílẹ̀ dè é. Maidai lọ síbẹ̀, ó yọjú wo inú yàrá náà, ó ní ó dára fún ewúrẹ́, ó sì padà sílé ara rẹ̀.

Ìdí ìkórìíra náà kò jìnnà. Kaosiri ló kọ́ Daisala ní tírámọ̀.

Tírámọ̀ kì í ṣe oògùn burúkú, bí a bá wo ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó wà ní Dukula ló sọ bẹ́ẹ̀ fún Maidai lẹ́yìn ìsìnkú. Ó ní bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún èèyàn, tàbí tí egungun bá ṣẹ́, òun ni wọ́n ń fún un kó lè rí oorun sùn. Ó ní kì í ṣe ibi tó ń dunni ló ti ń ṣiṣẹ́, inú ọpọlọ ni, ibi tí a ti ń mọ̀ pé nǹkan ń dun wá. Ṣùgbọ́n ta ló ń lò ó bẹ́ẹ̀ lábúlé wa? Àwọn ọkùnrin wa ń gbé e mì kí oòrùn oko òwú má baà ta wọ́n. Wọ́n ń gbé e mì kí ẹ̀yìn má baà ro wọ́n. Wọ́n sì ń gbé e mì nítorí ọ̀rọ̀ ìyẹ̀wù tí kò yẹ ká máa sọ nígbangba. Lẹ́yìn náà, imú á máa yún wọn, wọn á máa họ ọ́ títí á fi bó. Oorun á kọ̀ wọ́n. Wọn á lóṣòó sẹ́yìn ọgbà láti àfẹ̀mọ́jú, ìgbẹ́ ò ní wá, àwọn obìnrin á sì máa kí wọn kọjá pé ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹyọ kan ni Daisala ń lò ní tirẹ̀. Kaosiri ní ẹyọ kan kì í ṣe ìwọ̀n ọkùnrin. Nígbà tí òjò ọdún tó kọjá ń kásẹ̀ nílẹ̀, Daisala ṣubú láàárín òwú, gìrì mú un, ó ń ta bí ẹja tí wọ́n jù sórí ilẹ̀. Kí wọ́n tó rí alùpùpù tí yóò gbé e, ẹ̀mí ti bọ́. Níbi òkú, kò sí ẹni tó ké tó Kaosiri. Maidai jókòó, ó ń wò ó bó ṣe ń fi ọwọ́ kan nu omijé, tó ń fi ọwọ́ kejì họ imú.

Àfi bí ọ̀rọ̀ màlúù ò bá sí ni àwọn méjèèjì ì bá lè takété síra wọn. Akọ màlúù méjì ni bàbá Daisala fi sílẹ̀ nígbà tó kú, ó fún ẹ̀gbọ́n ní pupa, ó fún àbúrò ní aláwọ̀ eérú. Ilẹ̀ wa jẹ́ amọ̀ dúdú tó le, màlúù kan kò lè dá fa ohun ìtúlẹ̀ nínú rẹ̀. Méjì ni àjàgà ń gbà. Nítorí náà wọ́n máa ń so wọ́n pọ̀: bí wọ́n bá tu oko ẹ̀gbọ́n lónìí, wọn á tu oko àbúrò lọ́la, ní ìrọ̀lẹ́ kálukú á mú ẹran tirẹ̀ lọ sílé. Nígbà tí Maidai kọ ìṣúpó, àwọn àgbà ní kí ètò náà máa lọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rán an létí òfin àtijọ́ kan. Opó tó kọ ọkọ tí ìdílé fún un lè mú màlúù tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ níwọ̀n ìgbà tó bá ń fi í dáko. Bí màlúù náà bá jókòó lásán, ilé ọkọ ló ń padà sí.

Maidai ní òun gbọ́. Ọmọbìnrin méjì ló ní, kò sì sí nǹkan mìíràn tó lè fi bọ́ wọn ju oko yẹn lọ. Bí màlúù pupa náà bá wọ ọgbà Kaosiri, kò ní pẹ́ tí ebi yóò fi lé òun àti àwọn ọmọ tẹ̀ lé e, tààràtà sínú yàrá amọ̀ tuntun yẹn. Kaosiri mọ èyí. Ohun tó fi ń rìn bí ẹni tí kò kánjú nìyẹn.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kan Kaosiri, àwọn màlúù méjèèjì tulẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, oòrùn kò dá wọn dúró, omi kò jọ wọ́n lójú. Lọ́jọ́ kejì tó kan Maidai, pupa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kí wọ́n tó gbé àjàgà lé e lọ́rùn. Itọ́ ń ṣe yòòò lẹ́nu rẹ̀. Ó fa aporo kan, ó wólẹ̀ láàárín ìkejì, aláwọ̀ eérú náà sì wólẹ̀ tì í. Maidai bẹ̀ ẹ́, ó nà án, ó ja koríko tútù fún un, kò jẹ. Ó rò pé àìsàn ni. Lọ́jọ́ kẹta, Kaosiri wá mú un lọ, ẹran tó ń kú lọ lánàá sì tulẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Oko Kaosiri ti hu ọkà bàbà tó ga dé orúnkún, ti Maidai ṣì wà nínú igbó. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Àwọn kan ní òkú Daisala ló ń bínú. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ Maidai ló wúwo.

Lọ́jọ́ ọjà kan, Maidai lọ sílé ọlọ́tí láti tọrọ eèrí ọtí ọkà bàbà tí a ń pè ní bílíbílì fún màlúù rẹ̀, ó sì bá Kaosiri níbẹ̀ tó gbé igbá ọtí lé itan, tó ń wàásù fún àwọn ọ̀mùtí.

"Ẹ má bú màlúù o," Kaosiri ń wí. "Ẹran ò lè sin ilé tí ò lọ́kùnrin. Bó bá di ọjọ́ tèmi, á sáré. Bó bá di ọjọ́ tiẹ̀, á dùbúlẹ̀. Ẹran yẹn gbọ́n ju obìnrin yẹn lọ, ó mọ ibi tó yẹ kó wà."

Maidai gbé garawa rẹ̀ kalẹ̀. "Ọkọ kékeré, ẹ kú ọtí o. Bó bá jẹ́ ẹran ló mọ ibi tó yẹ kéèyàn wà, ẹ bá wa bi í ohun tí ìyàwó yín ń ṣe nílé bàbá ẹ̀ láti ọdún tó kọjá."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọlọ́tí gan-an di ẹ̀gbẹ́ mú. Kaosiri kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó máa fi ẹnu ṣeré, pé òun á rí i bóyá ẹnu náà ni yóò fi tulẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Maidai rí ohun tó là á lójú. Ẹni tó bá tulẹ̀ lónìí ló ń gbé àjàgà wá fún ẹni tó kàn, Kaosiri sì ti gbé e jù sẹ́nu ọgbà Maidai lálẹ́ àná pẹ̀lú igbá tó fi ń fún àwọn ẹran ní omi eèrí. Ó gbàgbé láti tú igbá náà kúrò. Maidai fẹ́ fọ̀ ọ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí eèrí ti gbẹ mọ́ ọn, ó bá èèpo kápúsù mẹ́ta kan, apá kan àwọ̀ ewé, apá kan pupa rúsúrúsú. Kò sí ẹni tí yóò sọ ohun tó jẹ́ fún un. Odidi ọdún méjì ló fi ń gbá irú rẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹní ọkọ rẹ̀.

Ó jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú igbá náà lórí ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tó ti rí lára màlúù náà wá yé e. Imú tó ń fi ha ara igi láì dúró bó bá ti oko Kaosiri dé. Ìgbẹ́ tó gbẹ bí òkúta. Ìwárìrì àti itọ́ ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Daisala ń ṣe bí tírámọ̀ bá tán nílé: á máa làágùn nínú òtútù, á kọ oúnjẹ, á ní ara ń dun òun títí dé gbòǹgbò irun. Lọ́jọ́ tirẹ̀, Kaosiri ń fún wọn. Lọ́jọ́ Maidai, kò sí. Ọkùnrin náà ń fi òru àti ọ̀sán jí ẹsẹ̀ màlúù rẹ̀ lò, ó wá ń gbé òkú rẹ̀ fún un pé kí òun náà lò ó.

Inú bí i gidigidi. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó rò ó bóyá kí òun lọ sọ fún Bàbá Jonyang, olórí àwọn àgbà. Ó rí i pé kò ní wúlò. Ta ni kì í lo tírámọ̀ lábúlé náà? Bàbá Jonyang fúnra rẹ̀ ní ẹyọ kan nínú àpò nítorí orúnkún. Bí òun bá mú èèpo kápúsù mẹ́ta lọ, Kaosiri á ní òun Maidai ló fi wọ́n síbẹ̀, pé opó tí kò lè tulẹ̀ ló ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Yóò sì kígbe jù ú lọ, nítorí ọ̀fun kò ní ìsinmi lára irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà, ó sì rọrùn: kí òun náà máa fún màlúù ní tírámọ̀ lọ́jọ́ tòun. Ó rin ọ̀nà náà dé ìdajì. Ó lọ bá ẹni tó ń ta oògùn lórí àtẹ ní ọjà Dukula. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ gbójú sókè, ó bi í bóyá ti ọkọ ni àbí ti màlúù. Maidai ní ọkọ òun ti kú. Ọkùnrin náà ní a jẹ́ pé ti màlúù ni, ó sì na ìdì kan sí i. Maidai wo ìdì náà, ó wo ọwọ́ tó mú un, ó ṣẹ́rí padà láì sọ̀rọ̀. Bí ó ti ń rìn lọ ó ń bú ara rẹ̀ pé òun ti fẹ́ fi ọwọ́ ara òun parí iṣẹ́ Kaosiri.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí Kaosiri fi pe ẹjọ́. Ó ní màlúù ti jókòó lásán lọ́wọ́ opó, kí wọ́n dá a padà sílé ọkọ. Àwọn àgbà kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan dájọ́. Bàbá Jonyang ní kí gbogbo wọn pàdé lóko Maidai láàárọ̀. Wọn yóò pín oko náà sí méjì, Kaosiri yóò tu ìdajì, Maidai yóò tu ìdajì, pẹ̀lú àjàgà kan náà àti màlúù méjèèjì. Ẹni tí màlúù pupa bá kọ̀ fún, kó gbàgbé rẹ̀.

Ojú gbogbo abúlé ló pé sóko lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tó ṣáájú jẹ́ ti Kaosiri, nítorí náà pupa ti ń gbọ̀n kí oòrùn tó yọ. Kaosiri wọ aṣọ mímọ́, bí ẹni tó ń lọ fẹ́yàwó. Ó ní nítorí pé obìnrin ni, kí Maidai bẹ̀rẹ̀, kí òun má baà rẹ ẹran fún un. Àwọn èèyàn mi orí pé ọ̀rọ̀ àgbà ló sọ. Ìṣirò rẹ̀ hàn sí Maidai kedere: kí ẹran wó mọ́ òun lọ́wọ́ láàárọ̀, kí wọ́n sinmi, kí Kaosiri wá bọ́ ẹran lọ́sàn-án, kó sì tulẹ̀ bí akin.

Maidai kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ níwájú Bàbá Jonyang.

"Bàbá, ta ni mí tí màá ṣíwájú ọkọ? Ẹ jẹ́ kí ọkọ kékeré bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹran mọ àwọn. Kí n wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, bóyá màá rí kọ́."

Àwọn obìnrin àgbà pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tútù lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú. Bàbá Jonyang ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí ọkùnrin ṣíwájú. Ọwọ́ Kaosiri sáré lọ sí àpò rẹ̀, ó sì tún sáré kúrò níbẹ̀. Kò lè kọ̀. Ó ní àwọn ẹran kò tíì jẹun, kí wọ́n fún òun láyè kí òun fún wọn ní omi eèrí díẹ̀. Ó gbé igbá lọ sẹ́yìn igi àjàgbọn. Maidai kọ ẹ̀yìn sí igi náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun ń ṣọ́ ọ. Ó ń gbọ́ bí Kaosiri ṣe ń kánjú, tó ń já ìdì, tó ń po eèrí gùdùgùdù.

Wọ́n dúró. Àwọn àgbà sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ òwú. Nígbà tó yá, ìwárìrì pupa rọlẹ̀, ó gbé orí sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú ha àjàgà.

Kaosiri tulẹ̀ lóòótọ́. Aporo rẹ̀ tọ́, ilẹ̀ ń ṣí níwájú rẹ̀, ó ń kọrin, ó ń fi pàṣán na afẹ́fẹ́ lásán. Ó parí ìdajì tirẹ̀ ká tó sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ kan parí. Wọ́n hó fún un. Ó fọwọ́ nu ojú, ó wo Maidai láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé ó rí i. Ìgbà tó rí i pé Maidai ti ń tẹ̀ síwájú láti gba ọwọ́ ohun ìtúlẹ̀ ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. Ó ní kí wọ́n dúró. Ó ní ó ti rẹ àwọn ẹran, kí wọ́n jẹ́ kó di ọ̀la, ọ̀la ni yóò dáa fún obìnrin náà.

"Ilẹ̀ tó kù ò ju èyí tó o tu lọ," Bàbá Jonyang dáhùn. "Jẹ́ kó ṣe tiẹ̀."

Maidai di ọwọ́ igi mú. Kò nà wọ́n. Ó kàn pe pupa lórúkọ tí Daisala máa ń pè é, àwọn màlúù méjèèjì sì ju ara wọn síwájú débi pé díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Wọ́n lọ. Aporo àkọ́kọ́ tọ́ bí okùn. Ìkejì tọ́. Ariwo sọ láàárín àwọn èèyàn, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe ayọ̀, àwọn tó ti sọ pé ọwọ́ rẹ̀ wúwo ní àwọn kò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Inú Maidai kò dùn. Ó ń gbọ́ ohun tí àwọn tó wà létí oko kò gbọ́. Igi ìtúlẹ̀ ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe ilẹ̀ ló ń mì ín. Èémí pupa ń há, ó ń há, á tún dúró díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Eyín rẹ̀ ń lura wọn. Kaosiri ti fún wọn ju ti ọjọ́kọ́jọ́ lọ kí ó lè tètè ṣiṣẹ́. Bí Maidai bá dáwọ́ dúró, ẹjọ́ ti lọ. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹran á lọ. Ó pinnu pé òun á lọ dé ibi tí ahọ́n Kaosiri lè fara dà, nítorí ó mọ ahọ́n náà, kò gùn.

Nígbà tó dé iwájú Kaosiri, ó gbé ohùn sókè.

"Ọkọ kékeré, òótọ́ lẹ sọ o. Ẹran mọ olówó ẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń sáré fún mi. Kì í ṣe tèmi nìkan, eérú yín gan-an ti gbàgbé yín. Ẹ ò bá jẹ́ kí n máa mú u lọ pẹ̀lú. Yàrá amọ̀ yẹn gba màlúù méjì."

Ẹ̀rín bú. Ẹnìkan ní kí Kaosiri lọ gba ẹ̀kọ́ ìtúlẹ̀ lọ́dọ̀ opó. Iṣan ọrùn Kaosiri yọ. Ó họ imú, ó họ apá, ó wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kó sínú oko.

"Irọ́ ni! Kì í ṣòun ló ń tulẹ̀ yẹn! Tírámọ̀ mi ló ń tulẹ̀! Èmi ni mo fún wọn láàárọ̀ yìí, èmi ni mo sì ń fún wọn! Ẹ kí oògùn mi, ẹ má kí obìnrin yẹn!"

Bàbá Jonyang rọra dìde. Ó bi í pé láti ìgbà wo.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò," ni Kaosiri wí. Ìbínú ṣì ń gbé e lọ. "Lọ́jọ́ tèmi ni mò ń fún wọn. Ọjọ́ tiẹ̀, kó wá tiẹ̀ lọ. Ṣé èmi ni màá tún máa bá a bọ́ ẹran ẹ̀ ni?"

Ẹnu òfòrò ní ń pa òfòrò. Kódà àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Maidai kò dúró gbọ́ ìdájọ́. Ó ti tú àjàgà kúrò lọ́rùn pupa, ó ń da omi sí i lórí, ó ń fa ahọ́n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò wo ẹ̀yìn nígbà tó sọ̀rọ̀, kò sì fi ẹ̀yin bá a sọ ọ́ mọ́.

"Kaosiri, mélòó lo fún un?"

"Mi ò kà á."

"O ò kà á," Maidai tún un sọ. "O ò kà á fún ẹ̀gbọ́n ẹ náà."

Àwọn àgbà ní màlúù pupa di ti Maidai títí láé, òfin ìjókòó lásán kò kàn án mọ́. Ẹnìkan rántí pé Kaosiri ti fọwọ́ ara rẹ̀ tu ìdajì oko fún un, àwọn èèyàn sì tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Nínú gbogbo ariwo yẹn, kò sẹ́ni tó tú eérú kúrò nídìí àjàgà. Ìgbà tí Kaosiri fi ìbínú fà á lọ sílé, ẹran náà rìn dé etí odò kékeré, orúnkún rẹ̀ kọ̀, gìrì mú un, ó sì kú síbẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Kaosiri dúró tì í, ó ń pè é kó dìde.

Bí ó bá jẹ́ ibí ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, à bá ní Maidai ti borí, ká máa lọ sílé wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ rẹ̀ jí i pé màlúù ti já okùn. Kò ṣe wàhálà láti wá a. Ipasẹ̀ rẹ̀ jáde lọ́gbà, ó la àárín ọkà bàbà kọjá, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ẹnu ọgbà Kaosiri ni Maidai ti bá a. Ó dúró níbẹ̀, ó ń gbọ̀n láti ìwo dé ìrù, itọ́ ń ṣe yòòò lẹ́nu rẹ̀, ó ti orí bọ àárín igi ọgbà, ó ń ké kíké kan tó dà bí ti ọmọ màlúù.

Kaosiri jáde. Kò tíì sùn, ojú rẹ̀ pọ́n, imú rẹ̀ ti bó. Ó wo màlúù, ó wo Maidai, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí màlúù tirẹ̀ ti kú.

"Ìyàwó wa, àwọn àgbà ti dá tiwọn. Ẹran náà ti wá dá tiẹ̀." Ó kígbe sí àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n jáde wá wò ó, kí wọ́n lọ pe Bàbá Jonyang, pé òun kò fà á, òun kò pè é, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn wá. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kápúsù mẹ́rin sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí ẹnu màlúù. Ahọ́n pupa ti yọ dé ibẹ̀ kí igi tó wà lọ́wọ́ Maidai tó bà á.

Ó lu ọwọ́ náà débi pé egungun dún. Àwọn kápúsù fọ́n sínú ẹrẹ̀. Kaosiri kò bú u, kò sì nà án. Ó ti wà lórí eékún, ó ń wá wọn nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí kò fara pa, ọwọ́ náà ń gbọ̀n gẹ́lẹ́ bí itan màlúù ṣe ń gbọ̀n. Ó rí ọ̀kan, ó nù ún mọ́ aṣọ, ó gbé e mì láì lo omi. Maidai rí gbogbo rẹ̀. Àánú kò ṣe é. Ó wá a nínú ara rẹ̀, kò rí i.

Ó so okùn mọ́ ìwo pupa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Kò jìnnà, ẹni tó bá kígbe láti ilé kan, wọ́n á gbọ́ ọ ní ìkejì. Síbẹ̀ àwọn tó lọ sóko láàárọ̀ ti ń bọ̀ nígbà tó fi mú un dé. Nígbà mìíràn ẹran náà á jókòó, òun náà á jókòó tì í. Nígbà mìíràn á yí padà, á wọ́ ọ lórí ikùn sẹ́yìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi rí ohun dì mú. Àwọn aládùúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò, kò sí ẹni tó bá a fọwọ́ kan okùn náà. Wọ́n ń dúró wo ibi tí ẹran yóò fẹ́ lọ.

Ó so ó mọ́ òpó àárín ilé, ó fi okùn méjì kún un. Màlúù náà ń ké, ojú sí ọ̀nà ilé Kaosiri.

Ní ìrọ̀lẹ́, Kaosiri fúnra rẹ̀ yọ lójú ọ̀nà. Ó ti di aṣọ mọ́ ọwọ́ tó fọ́, ó gbé igbá omi eèrí sí ọwọ́ kejì, ó ń fi àtàǹpàkò kan ara igbá náà kó, kó, kó, bó ṣe máa ń ṣe bó bá fẹ́ bọ́ wọn. Pupa ju ara rẹ̀ sí okùn tó bẹ́ẹ̀ tí òpó náà fi dún. Maidai dìde pẹ̀lú igi lọ́wọ́, ó lọ dúró sí àárín ẹran àti ọ̀nà.

"Máa kàn án lọ," ó ní. "Èmi ò níbi tí mò ń lọ."